Ọjọ́ Ìbí Màmá àti October 1

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Láti Ìpẹru ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. October 1, 1954 ni ọjọ́ ìbí Màmá wa. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n, ilé ọkọ ló gbé wọn wá sí Rẹ́mọ. Nígbà tí wọ́n pé àádọ́rin ọdún, Bàbá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ papò dà, a ò lè ṣe nǹkan kan. Ọdún yìí la fẹ́ ṣe é. Atẹ̀wé tó ń bá wa ṣe ìwé ètò kó nǹkan mẹ́tàlélógún jọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó pè é ní "Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ òní". Mo ti fi í mọ́ ìwé yìí. Ẹ̀gbọ́n Màmá ní ká má tẹ̀ ẹ́, wọ́n ní tíṣà ló bu October 1 fún Màmá, pé ohun tí àwọn mọ̀ ni pé ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n bí wọn, bàbá àwọn ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ ni wọ́n sáré pàdé rẹ̀ lọ́nà. Àbúrò Bàbá wa náà ní 1914 ni wọ́n dá Nàìjíríà sílẹ̀, pé kí la fi ń pe October 1 ní ọjọ́ ìbí orílẹ̀-èdè. Bàbá, èwo ni ká gbà, èwo ni ká fi sílẹ̀?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, ẹ kú ìmúra o. Ẹ bá mi kí Màmá, kí ẹ sì bá mi kí ẹ̀gbọ́n wọn dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ tiwọn ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Bí ọjọ́ ìbí náà kò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí la fẹ́ fi ìyókù ojú ewé yẹn ṣe?

Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe èyí tí a lè gbójú fò. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi kọ́ ìtàn nílé ẹ̀kọ́ girama ní agbègbè Ṣágámù, mo sì ti bá ọ̀pọ̀ ènìyàn yẹ ìwé ọjọ́ orí wọn wò nígbà tí wọ́n fẹ́ fẹ̀yìn tì. Láyé ìgbà náà, ilé ni ọ̀pọ̀ ìyá ń bímọ sí, àwọn ìyá àgbà ló ń gbẹ̀bí, kò sẹ́ni tó mú bírò lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, tíṣà á ní kó na ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá. Bí ìka rẹ̀ bá kan etí òsì, ó ti tó ẹni tó ń kàwé. Bí bàbá ọmọ ò bá wá mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i, tíṣà á wá ọjọ́ tí kò ṣòro láti rántí fún un: January 1, December 25, October 1. Mo ti rí rẹ́jísítà àtijọ́ kan tí ọmọ márùn-ún nínú kíláàsì kan ṣoṣo jọ ní October 1, kò sì sí ìbejì nínú wọn. Màmá yín wọ ilé ìwé nígbà tí òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Tíṣà wo ni October 1 kò ní yá lẹ́nu nígbà yẹn?

Ìfura ẹ̀gbọ́n Màmá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nígbà náà. Ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ló tún gbé ohun tí a ó fi yanjú rẹ̀ lé wa lọ́wọ́: ọjọ́ Jímọ̀.

Ẹ mú bébà. Ẹni tó bá ti gbọ́njú nígbà náà mọ̀ pé ọjọ́ Àbámẹ́ta ni October 1, 1960. Ọdún kan jẹ́ ọjọ́ 365, ìyẹn ọ̀sẹ̀ 52 àti ọjọ́ kan lé. Ọjọ́ kan tó lé yẹn ló ń sún déètì kan náà síwájú láàárín ọ̀sẹ̀ lọ́dọọdún. Bí a bá ń padà sẹ́yìn, ọjọ́ kan la ó máa fà á, àfi tí February ọlọ́jọ́ 29 bá wà láàárín, ìgbà náà la ó fà á ní ọjọ́ méjì. Ó yá. Láti 1960 sí 1959, February 1960 ní ọjọ́ 29, nítorí náà Àbámẹ́ta fà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì, ó di Ọjọ́bọ̀. 1958 di Ọjọ́rú. 1957 di Ìṣẹ́gun. 1956 di Ajé. Láti 1956 sí 1955, February ọlọ́jọ́ 29 tún wà láàárín: Ajé fo Àìkú, ó bọ́ sí Àbámẹ́ta. 1954 wá di ọjọ́ Ẹtì. Jímọ̀ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n Màmá ń fi Jímọ̀ ta ko October 1, bẹ́ẹ̀ Jímọ̀ gan-an ni October 1 ọdún náà. Ká ní tíṣà kàn ṣàdédé dárúkọ ọjọ́ kan ni, nínú ìgbà méje, ẹ̀ẹ̀kan péré ni yóò bọ́ sórí Jímọ̀. Ẹ̀rí tí ó parí ọ̀rọ̀ kọ́ o, nítorí Jímọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún ló wà nínú oṣù kan, ṣùgbọ́n ó ti fi ọ̀rọ̀ sí ìhà tiyín. Ẹ tún bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n rántí ọjà tí wọ́n ná lọ́jọ́ náà. Ọjà ọrọọrún ń yí ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin, àwọn bàbá wa ló ń ka ọjọ́ òní mọ́ ọn tó fi ń di márùn-ún. Mẹ́rin lọ́nà méje jẹ́ 28. Ẹni tó bá rántí Jímọ̀ tó sì rántí ọjà rẹ̀, ọjọ́ kan ṣoṣo ló ń tọ́ka sí nínú ọjọ́ 28, a sì lè kà á padà láti orí ọjà tí wọ́n ń ná títí di òní. Màmá sì jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde: rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wo ni wọ́n wà? Àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra ni wọ́n ń kó sójú kan níbẹ̀. Bí àwọn ojúgbà wọn bá ti ń ṣe àádọ́rin ọdún láti bí ọdún mélòó kan, 1954 dúró gbọn-in.

Mo rí i pé ẹnì kan ti fi pẹ́ńsù kọ "Ojúde Ọba" sí ìsàlẹ̀ bébà tí ẹ fi ránṣẹ́. Mo mọ ìfẹ́ tó sún onítọ̀hún kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ pa á rẹ́. Ojúde Ọba kò ní déètì nínú kàlẹ́ńdà òyìnbó. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni, Iléyá sì ń tẹ̀lé oṣù ojú ọ̀run. Ọdún òṣùpá fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá kéré sí ọdún tí à ń kà, nítorí náà lọ́dọọdún ni Iléyá ń sún wá síwájú. Ní 2014, October 4 ni Iléyá, a sì ṣe Ojúde Ọba ní October 6. Ní 2025, June 6 ni Iléyá, June 8 ni Ojúde Ọba. Ó máa ń tó ọdún 33 kó tó yí ká. Agẹmọ náà ńkọ́? Òun náà ní àwọn tó ń ka ọjọ́ rẹ̀, tí wọ́n sì ń kéde rẹ̀ fún ìlú, kì í ṣe kàlẹ́ńdà ara ògiri ló ń sọ ọ́. Irú àwọn ọjọ́ báyìí ti wà kí January àti October tó dé ilẹ̀ wa, ó sì máa ń dùn mí bí a bá kàn wọ́n mọ́ déètì kan bí ẹni kan ìṣó.

Iléyá yìí sì tún wúlò fún ọ̀rọ̀ tiwa. Ní 1954, ìdajì àkọ́kọ́ August ni Iléyá bọ́ sí. Láti ìgbà náà sí October 1, ó tó ọ̀sẹ̀ méje ó lé díẹ̀. Nílé tí bàbá ti ń lọ kírun Jímọ̀, ìyá tó lóyún ọmọ sínú kò ní gbàgbé bí ikùn rẹ̀ ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n pa àgbò. Ẹ bi ẹ̀gbọ́n Màmá bóyá wọ́n rántí kí ìyá wọn sọ ọ́ rí.

Ó kan àbúrò Bàbá yín. Wọn kò purọ́. January 1, 1914 ni Lugard da Gúúsù àti Àríwá pọ̀. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n so àwọn ilé pọ̀ lábẹ́ òrùlé kan, onílé kò sì sí níbi tí wọ́n ti so ó. October 1, 1960 ni wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ lé onílé lọ́wọ́. Ẹ má jẹ́ kó di ìjà, ọjọ́ méjèèjì lè wọ inú ìwé ètò. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí wọn kò rántí, tí atẹ̀wé kò sì rí kó láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, òun ló sì mú mi jókòó kọ ìdáhùn gígùn yìí.

Ọjọ́ tí wọ́n bí Màmá gan-an, October 1, 1954, ni Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè ẹlẹ́kùn mẹ́ta lábẹ́ ìjọba àpapọ̀.

Ní 1953, ilé aṣòfin gbóná lórí ìgbà tí a ó gba òmìnira. Àwọn aṣíwájú wa lọ sí ìpàdé ní London lọ́dún náà, wọ́n tún ṣe òmíràn ní Èkó ní 1954, níbẹ̀ ni òfin tuntun ti jáde, èyí tí wọ́n fi orúkọ Oliver Lyttelton pè, ẹni tó ń ṣe mínísítà ilẹ̀ àwọn amúnisìn ní London nígbà náà. October 1 ni òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan lágbára lórí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ó yọ Èkó kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn, ó sọ ọ́ di ti ìjọba àpapọ̀. Gómìnà tó wà l'Ékòó di Gómìnà-Àgbà. Olórí ìjọba ẹkùn kọ̀ọ̀kan sì di Prẹ́míà: Ahmadu Bello ní Àríwá, Azikiwe ní Ìlà-Oòrùn, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn.

Ẹ tún un kà. Lọ́jọ́ tí Màmá yín kọ́kọ́ sunkún ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ìlú tó wà nítòsí Ìpẹru tiyín, di Prẹ́míà àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn. Ní January 1955, oṣù mẹ́ta péré sí i, ìjọba rẹ̀ ṣí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yẹn ni Màmá yín wọ̀ nígbà tí ọwọ́ wọn kan etí. Tíṣà tí ẹ̀gbọ́n wọn ń bínú sí, inú ètò tí October 1, 1954 bí ló ti ń gba owó oṣù. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ni kò ní rí ilé ìwé wọ̀ láyé yẹn bí owó ilé ìwé bá wà, nítorí ọmọkùnrin ni bàbá ọ̀pọ̀ wọn ìbá kọ́kọ́ san tirẹ̀. Nínú gbogbo nǹkan mẹ́tàlélógún tí atẹ̀wé kó jọ, kò sí èyí tó wọ ayé Màmá lọ bí èyí.

Nígbà tó di 1958, níbi ìpàdé mìíràn ní London, wọ́n fẹnu kò sí October 1, 1960 fún òmìnira. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tó dé, Màmá yín sì pé mẹ́fà lọ́jọ́ náà gan-an. Àsìkò òjò àrọ̀kúrò ni, ìgbà tí ewé ń rẹ̀ nílùú òyìnbó tí iṣu tuntun ṣì wà lọ́jà wa. L'Ékòó, ní pápá Race Course, wọ́n pa iná ní ọ̀gànjọ́ òru, wọ́n sọ àsíá Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀, nígbà tí iná tàn, àsíá tiwa ti wà lókè, èyí tí Táíwò Akínkúnmi yà nígbà tó ń kàwé ní London. Ọmọ ọba obìnrin, Alexandra, ló ṣojú ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì, Tafawa Balewa ló gba ìwé òmìnira lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa ọmọ ilé ìwé ní Rẹ́mọ tò, a yan, wọ́n fún wa ní àsíá kékeré lórí igi àti ife tánganran kan tí wọ́n ya àsíá sí lára. Ìyá mi gba ife náà lọ́wọ́ mi nígbà tó yá, ó fi ń wọn gàrí lọ́jà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọ̀ ewé tó wà lápá ọ̀tún bó tán pátápátá kí ti òsì tó bẹ̀rẹ̀ sí í bó, nítorí apá ọ̀tún ni àtàǹpàkò rẹ̀ máa ń há sí tó bá bù ú. Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹ bi Màmá bóyá wọ́n gba ife tiwọn.

Ọjọ́ tó bá ti lókìkí, ìjọba a máa wá nǹkan mìíràn so mọ́ ọn. October 1, 1963 la di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò ní ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì lórí mọ́, Azikiwe sì di Ààrẹ. October 1, 1974 ni Gowon sọ lórí rédíò pé 1976 tí òun ti ṣèlérí láti gbé ìjọba sílẹ̀ kò ní ṣeé ṣe mọ́. October 1, 1978 ni wọ́n pààrọ̀ orin orílẹ̀-èdè. Níbí ni atẹ̀wé yín ti ṣìnà: ó kọ ọ́ pé orin ti 1978 la kọ lọ́jọ́ òmìnira. Rárá o. Orin àkọ́kọ́, èyí tí òyìnbó obìnrin méjì kọ ọ̀rọ̀ àti ohùn rẹ̀, la kọ ní 1960, òun náà ni wọ́n dá padà ní May 2024. Èyí ni pé orin tí Màmá kọ́ lọ́mọ ọdún mẹ́fà ni àwọn ọmọ-ọmọ wọn ń kọ báyìí nílé ìwé. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ orin náà lọ́jọ́ ayẹyẹ, ẹ jẹ́ kí Màmá dá a, kí àwọn ọmọ gbè é. October 1, 1996 ni Abacha kéde ìpínlẹ̀ mẹ́fà tuntun, Èkìtì wà lára wọn. Àyàfi bí ẹ bá ní àna ní Èkìtì, kò yẹ kó gba ààyè.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, nítorí ọ̀nà tí ọjọ́ yìí gbà bá a lò kì í kúrò lọ́kàn mi. October 1, 1954, ó di Prẹ́míà. October 1, 1960, ó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ alátakò ní ilé aṣòfin àpapọ̀. October 1, 1963, nígbà tí wọ́n ń jó ijó olómìnira, inú ẹ̀wọ̀n ló wà: September ọdún náà ni wọ́n dá a lẹ́bi ọ̀tẹ̀, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá, kò jáde títí di August 1966. Nígbà tó di 1979, ó díje fún ipò Ààrẹ pẹ̀lú Shagari. Ìjà wọn wá dúró lórí ohun tó ń jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ mọ́kàndínlógún, níbi tí ẹni tó bá fẹ́ wọlé ti gbọ́dọ̀ rí ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dá a fún Shagari ní September 26, ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, October 1, wọ́n búra fún un l'Ékòó.

Mo rántí ọjọ́ náà ní Rẹ́mọ. Rédíò ń sọ̀rọ̀ ní ilé kọ̀ọ̀kan, àwọn àgbà jókòó sí iwájú ilé, ojú wọn wúwo. Bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ kan náà, ní Abẹ́òkúta, wọ́n ń búra fún Bísí Ọnàbánjọ, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, gẹ́gẹ́ bí gómìnà àkọ́kọ́ tí ará ìlú dìbò yàn ní ìpínlẹ̀ Ògùn, láti inú ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tún ń bọ̀. Nínú ilé kan ṣoṣo, ẹnì kan ń nu ojú, ẹlòmíràn ń wá aṣọ tí yóò wọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta. Màmá yín pé ọmọ ọdún 25 lọ́jọ́ náà, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde nílé ọkọ ní Rẹ́mọ. Mi ò mọ ẹgbẹ́ tí wọ́n dìbò fún, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé wọ́n gbọ́ ohùn méjèèjì. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ẹ má kó October 1 jọ bí ẹni kó ẹ̀pà. Ọjọ́ kan náà lè jẹ́ ayọ̀ ní ojúlé kan kó sì jẹ́ ọgbẹ́ ní ojúlé kejì.

Ẹ wo aládùúgbò wa. Atẹ̀wé kọ ọ́ pé "Kamẹrúùnù gba òmìnira ní October 1, 1961". Kò rí bẹ́ẹ̀. January 1, 1960 ni apá tó wà lábẹ́ Faransé gba òmìnira. Apá gúúsù ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ti ń ṣàkóso mọ́ Nàìjíríà tẹ́lẹ̀, ló dìbò ní February 1961 láti bá wọn lọ, October 1 sì ni wọ́n dara pọ̀. Apá àríwá rẹ̀ yan Nàìjíríà. Àwọn kan ní apá gúúsù náà kò fi ọjọ́ náà ṣe ayẹyẹ rárá, October 1, 2017 ni àwọn tó fẹ́ ya kúrò kéde ìlú tiwọn, ẹ̀jẹ̀ sì ti ṣàn lórí rẹ̀. Tiwa náà kò ṣàìní ìbànújẹ́: lọ́jọ́ tí Nàìjíríà pé àádọ́ta ọdún ní 2010, bọ́ǹbù dún ní Àbújá, ẹ̀mí ṣòfò. Mi ò ní kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ètò Màmá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń gbàdúrà, ẹ rántí wọn.

Sáípúrọ́ọ̀sì, tí atẹ̀wé ní wọ́n gba òmìnira lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú wa, August 16, 1960 ni tiwọn gan-an. Wọ́n kàn yàn láti máa ṣe é ní October 1 ni, láti 1963. Ṣáínà dájú, October 1, 1949 ni Mao kéde ìjọba tuntun ní Beijing. Tuvalu gba tirẹ̀ ní 1978, Palau ní 1994. Ó dára, àmọ́ kí ló kan Ìpẹru? Ọkọ̀ Ford tó jáde ní 1908, àjọ NASA tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1958, ọgbà ìgbafẹ́ Disney tó ṣí ní 1971: òótọ́ ni gbogbo wọn, ẹ yọ wọ́n. Ọjọ́ kọfí àgbáyé, ọdún 2015 ni àjọ àwọn oníkọfí fi í sí October 1. Ìlú obì ni Rẹ́mọ, ẹ fi ọjọ́ kọfí sílẹ̀ fún àwọn tó ń gbìn ín. Ọjọ́ orin àgbáyé tó bẹ̀rẹ̀ ní 1975 lè dúró bí Màmá bá wà nínú ẹgbẹ́ akọrin.

Ẹnì kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀: Jimmy Carter, Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan. October 1, 1924 ni wọ́n bí i, ọgbọ̀n ọdún gééré ló fi ju Màmá lọ. Ó wá sí Èkó ní 1978. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ìyẹn. Lẹ́yìn tó kúrò nípò, àjọ tó dá sílẹ̀ bá wa gbógun ti sòbìà. Ẹni tí kò rí sòbìà rí kò lè mọ̀: kí aràn fúnfun tẹ́ẹ́rẹ́ máa yọ lẹ́sẹ̀ àgbẹ̀, kí wọ́n máa fi igi kékeré ká a díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, kí iṣu máa jẹrà lóko nítorí olóko kò lè dìde. Ní 2013 ni àjọ ìlera àgbáyé kéde pé sòbìà ti kúrò ní Nàìjíríà. Carter pé ọgọ́rùn-ún ọdún ní 2024, ọjọ́ tí Màmá pé àádọ́rin, ó sì kú ní December ọdún náà.

Èyí tó kẹ́yìn ló sì yẹ kó wà lókè. October 1 ni ọjọ́ àwọn àgbà lágbàáyé. December 14, 1990 ni àpéjọ UN fọwọ́ sí i, 1991 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. Màmá yín kò tíì pé ogójì ọdún nígbà náà, ọjọ́ ìbí wọn ló ṣáájú wọn di ọjọ́ àgbà, àwọn náà sì ti wá dàgbà bá a. Ariwo kì í pọ̀ lórí rẹ̀ lọ́dọ̀ wa nítorí òmìnira ti gba ọjọ́ náà, ó sì ń dùn mí. Mo ti rí àwọn ẹgbẹ́ mi tí wọ́n tò sórí ìlà láti àárọ̀ nínú oòrùn, ní ọ́fíìsì kan tí n kò ní dárúkọ, láti fi hàn pé àwọn ṣì wà láàyè kí owó ìfẹ̀yìntì wọn tó jáde. Ọ̀kan ṣubú níwájú mi. Aṣọ orí ìyá kan la fi fẹ́ ẹ títí ojú rẹ̀ fi là. Nítorí náà bí ẹ bá ń náwó lọ́jọ́ yẹn, ẹ pe nọ́ọ̀sì kan tàbí méjì kí wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan lábẹ́ ìbòòrùn, kí wọ́n máa wo ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn àgbà tó bá wá. Ẹ to àga àwọn àgbà jìnnà sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ jẹun.

Ojú ewé yẹn wá ńkọ́? Bó bá jẹ́ èmi, nǹkan mẹ́fà péré ni mo máa kọ síbẹ̀, mo sì máa kọ ọjọ́ orí Màmá sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó ń kà á lè rí wọn níbẹ̀: 1954, wọ́n bí wọn, Rẹ́mọ sì rí Prẹ́míà, 1960, ọmọ ọdún mẹ́fà, àsíá lọ́wọ́, 1963, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, a di olómìnira, Awólọ́wọ̀ sì wà lẹ́wọ̀n, 1979, ọmọ ọdún 25, Ọnàbánjọ wọlé, 1991, ọmọ ọdún 37, ọjọ́ àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀, 2024, àádọ́rin ọdún, ọdún tí ẹ kò lè ṣe é nítorí Bàbá. Ẹ má yọ èyí tó kẹ́yìn yẹn. Ẹ kọ orúkọ Bàbá síbẹ̀.

Kí ẹ tó fi í ránṣẹ́ sí atẹ̀wé, ẹ gbé fóònù ka iwájú Màmá àti ẹ̀gbọ́n wọn pa pọ̀, kí ẹ ní kí wọ́n sọ October 1, 1960 fún yín: ta ló mú wọn lọ, kí ni wọ́n wọ̀, kí ni wọ́n jẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi bébà tí a fi ka ọjọ́ padà sẹ́yìn han ẹ̀gbọ́n Màmá, kí àwọn fúnra wọn fi ìka tẹ̀ lé e láti Àbámẹ́ta dé Jímọ̀. Bí wọ́n bá rántí ọjà tí wọ́n ná lọ́jọ́ náà, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, màá bá yín kà á.